Eégbọn Àpápá Nínú Yàrá Kan ní Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìgbòho, láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Èkó. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Àpápá ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Òótọ́ ni, ó ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi ló dẹ́rù bà mí. Ohun tó dẹ́rù bà mí kò tó orí ìṣáná, mo sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, nítorí ara ewúrẹ́ bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó bá rí mi báyìí tí mo ń gbọn aṣọ mi wò kí n tó wọlé, kó má rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ohun tí ojú mi rí ni.

Múínátù, àbígbẹ̀yìn mi, ló bímọ ní Ajégúnlẹ̀, Àníkẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò sí ohun tó dá mi dúró. Mo ní màá lo ogójì ọjọ́ lọ́dọ̀ wọn, màá máa wẹ ọmọ, màá máa se oúnjẹ gbígbóná fún ìyá ọmọ. Ṣẹ́gun ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, a kò sì torí ẹ̀ jà rí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń tọ́jú ajá ní ilé ńlá kan ní GRA Àpápá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ yìí, mo rẹ́rìn-ín. Mi ò tún lè fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Bí mo ṣe wọ̀lú

Ojú ọ̀nà Liverpool ní Àpápá ni àyà mi ti kọ́kọ́ já. Tírélà tò síbẹ̀ bí màlúù tí àwọn Fúlàní Bòròrò ń kó gba ẹ̀yìn ilé ìwé wa, ṣùgbọ́n màlúù a máa yà fún ènìyàn. Kọ̀nténà tó wà lórí òmíràn, mi ò rí ohun tó dè é mọ́lẹ̀. Awakọ̀ tó gbé wa ń gba àárín wọn kọjá, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Mama, no fear. E never fall today."

Mo bi obìnrin tó jókòó tì mí pé kí ló wí. Ó ní ó ní kí n má bẹ̀rù, pé kọ̀nténà kò tíì já lu ẹnikẹ́ni lónìí. "Lónìí" yẹn ni mo ń rò títí a fi dé Ajégúnlẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀, ìwà wọn kò jọ tiwa. Ọ̀dọ́ máa ń kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀, láìdọ̀bálẹ̀, ọkàn mi sì kọ́kọ́ kọ̀ wọ́n. Àfi bí obìnrin kan tó sanra ṣe jáde láti ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ti Múínátù, tó gba báàgì lọ́wọ́ mi kí ó tó kí mi rárá. Mama Ejiro ni wọ́n ń pè é, ará Wàrì ni, ẹja ló ń tà ní Marine Beach. Kí n tó jókòó, ó ti gbé oúnjẹ síwájú mi: ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní bánga, ẹja tútù nínú rẹ̀, àti òkèlè kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ń fà. Mo bù ú, kò já. Mo tún fà á, ó tẹ̀lé mi. Ẹ̀rù bà mí pé yóò há mi lọ́nà ọ̀fun, kí wọ́n wá ránṣẹ́ sílé pé òkèlè ló pa Tíṣà. Mama Ejiro ń wo ẹnu mi. Ó ní, "Mama swallow am. E no dey bite." Ó ní kí n gbé e mì, pé kì í géni jẹ. Mo gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, ó dùn.

Yàrá náà

Yàrá kan ni wọ́n ní. Ilé náà gùn, yàrá kojú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan là á láàárín, ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo wà lẹ́yìn fún gbogbo wọn. Nínú yàrá tiwọn, bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, ìṣó lára ògiri tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́. Èmi àti Múínátù pẹ̀lú ọmọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣẹ́gun kó ẹní rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ mọ bí àna ṣe rí nílẹ̀ wa. Láti ọjọ́ tí mo dé, ọmọ yìí kò fi abíyá rẹ̀ hàn mí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ wẹ̀ lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ náà ló ń wọ aṣọ rẹ̀ pátápátá kí ó tó padà wá dọ̀bálẹ̀ kí mi. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn ni yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bí ooru tilẹ̀ ń mú un. Mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Mo sọ fún Múínátù pé, "Ọkọ rẹ gbẹ̀kọ́. Ta ló ní àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́?"

Múínátù wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Mo rò pé ìtìjú ìyìn ló mú un.

Ilé àwọn ajá

Ìyàwó ọ̀gá Ṣẹ́gun gbọ́ pé ìyá àgbà ọmọ tuntun ti dé, ó ní kí n wá kí òun. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Èkó kò ní igi, ẹ lọ wo GRA Àpápá. Ilé àtijọ́ ni, òrùlé rẹ̀ ga, igi máńgòrò yí i ká, koríko tẹ́ sílẹ̀ láti géètì títí dé ẹ̀yìn. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga fún mi sábẹ́ igi, ó fún ọmọ wa ní aṣọ òtútù, ó sì ń pè mí ní Mà ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ, ó fi èmi àti Ṣẹ́gun sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ajá.

Ajá mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ọmọ màlúù. Ṣẹ́gun gbé orí ọ̀kan lé itan, ó ṣí etí rẹ̀. Eégbọn kún inú etí náà, èyí tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó wú bí ẹ̀wà, àwọn kéékèèké ń rìn láàárín wọn. Ó mú ẹ̀mú kékeré jáde, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń tu irun ojú, ó ń fà wọ́n yọ níkọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀.

Mùsùlùmí ni mí, mi ò lè fọwọ́ kan ajá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí n má fi ẹnu kàn án. Mo ní, "Bàbá Àníkẹ́, ìgbà wo lo máa ṣe èyí tán? Da kẹrosíìnì sí i. Á tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ṣorí kunkun, já a. Kí o wá fi èékánná fọ́ ọ. Bí a ṣe ń ṣe fún ewúrẹ́ nìyẹn."

Ó rọra sọ pé, "Màmá, dọ́kítà ajá tó ń wá síbí ní a ò gbọdọ̀ da kẹrosíìnì sí i. Ó ní ẹ̀mú yìí ló dára jù."

Mo rẹ́rìn-ín. "Dọ́kítà wo ló mọ eégbọn ju Bòròrò lọ?"

Ẹ wò ó, ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ ni, yóò bá a jiyàn. Ìyá ìyàwó ni mo jẹ́ fún un. Ó wo ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀, ó kó o sápò, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Màá ṣe bẹ́ẹ̀." Mo padà sílé tayọ̀tayọ̀ pé mo kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n.

Ibà tí kò gbọ́ oògùn

Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ṣẹ́gun. Ó ní ẹ̀yìn ojú ń dun òun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ń gbọ̀n. Ta ni kò mọ ibà? Mo ní kí wọ́n wá ewé, mo se àgbo. Múínátù ra oògùn ibà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì, ọkùnrin náà fi oògùn táífọ́ọ̀dù kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ gbóná débi pé bí mo ṣe gbé ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀ ni mo yára gbé e kúrò. A gbé e wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sì kọ̀, kò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kò bọ́ ṣòkòtò, nítorí èmi wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Múínátù gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárọ̀. Mama Ejiro ti lọ sí Marine Beach. Ó ku èmi àti Ṣẹ́gun. Mo fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ kí ó tó dé. Mo gbójú sókè, mo rí nǹkan kan lára ògiri, ó ń rìn bọ̀ láti ibi ìṣó tí aṣọ iṣẹ́ Ṣẹ́gun wà. Eégbọn ni. Ibi tí orí ọmọ máa ń wà gan-an ló ń bọ̀.

Mo fi sálúbàtà gbá a pa lára ògiri, mo jókòó. Gbogbo ohun tí mo ti ń fojú fò dá láti ìgbà tí mo ti dé wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣẹ́gun na ọwọ́ pé kí n fún òun lómi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti sú, pupa kéékèèké láti ọrùn ọwọ́ wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Ibà ẹ̀fọn kì í sú sí ènìyàn ní àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rí ibà.

Mo ní, "Bàbá Àníkẹ́, ṣé eégbọn jẹ ọ́?"

Ó di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú.

"Mo ní ṣé eégbọn jẹ ọ́? Níbo ló ti jẹ ọ́?"

Ó yí ojú sí ògiri. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí Múínátù dé."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó jẹ ẹ́, mo sì mọ irú ibi tó ti ní láti jẹ ẹ́. Mo pe Múínátù lórí fóònù, kò gbé e. Mo pè é títí. Àwọn àgbà ní tí eégbọn bá so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, adìẹ kọ́ ni yóò já a. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló yẹ kí n wo ara ọkọ ọmọ mi. Mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń retí ọmọ mi, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Ẹ̀rù tó bà mí ní ìjókòó yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá àwọn Múínátù ti kú. Mo ń rò ó pé, bí ọmọ yìí bá kú síwájú mi, kí ni màá sọ fún ìyá tó bí i? Pé ojú ń tì mí?

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ajá. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó. Kò sí ajá kankan nínú yàrá náà.

Mo dìde. Mo tú ìborùn mi, mo dà á bò ó ní ìbàdí. Mo ní, "Ṣẹ́gun, dárí jì mí." Ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, àmọ́ agbára kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Lókè itan, níbi tí ṣòkòtò ìsàlẹ̀ ti fún un, mo rí i. Èépá dúdú kan ni, ó fẹ̀ bí èékánná àtàǹpàkò, pupa yí i ká, kókó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní oríkèé itan. Awọ ara tó yí i ká ti bó. Mo mọ ohun tó bó o. Kẹrosíìnì ni.

Ẹnu mi

Àwọn ará ilé náà ni wọ́n bá mi gbé e sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, àwọn kan náà tí wọn kì í kúnlẹ̀ kí mi. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wa lọ, dọ́kítà tó gbà wá kéré ju Múínátù lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí ibà ẹ̀fọn níbẹ̀ rárá. Ó wo èépá náà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bi wá pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Nígbà tó gbọ́ ajá, ó ti ń kọ̀wé oògùn.

Ó ní, "Àìsàn tí eégbọn ń fà ni. Ẹ̀ bá tètè gbé e wá. Ta ló da kẹrosíìnì sí ojú ibẹ̀?"

Múínátù ti sáré dé nígbà náà, ó gbé ọmọ pọ̀n. Mo ní, "Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ dà á, Mà?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ló dà á. Ẹnu mi ló rán an."

Kò bá mi wí. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bá mi wí. Ó kàn jókòó, ó ń ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní kẹrosíìnì, epo, iná ìṣáná, gbogbo rẹ̀ kì í jẹ́ kí eégbọn tètè kúrò, ó lè mú kó bi ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ènìyàn. Ẹ̀mú ni kí á fi dì í mú níbi tó ti kan awọ gan-an, kí á fà á sókè láì lọ́ ọ, láì já a, kí á fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Kí á má fi èékánná fọ́ ọ láéláé. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn náà, tàbí tó bá sú, kí á wá kíákíá, kí á sì sọ pé eégbọn jẹ wá.

Ó ní, "Ibi tó farasin ló ń wá. Abẹ́ apá, ẹ̀yìn etí, ìdodo, abẹ́ itan, ẹ̀yìn orúnkún. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ó bọ́ gbogbo aṣọ, kí ẹnìkan bá a yẹ ara rẹ̀ wò. Ojoojúmọ́. Kò lè rí gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Múínátù bú sẹ́kún. Mo ní kó pẹ̀lẹ́, pé a ti mọ̀ báyìí.

Ó ní, "A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Màmá. Dọ́kítà ajá ti sọ fún un. Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti dé báyìí, á bọ́ aṣọ, màá tan iná fóònù, màá wò ó látòkè délẹ̀. Ìgbà tí ẹ dé la dá a dúró. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é lójú yín?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Mo wà lọ́jà o. Wíwà tí mo wà níbẹ̀ gan-an ló fẹ́ pa bàbá ọmọ.

Ọjọ́ méjì

Dọ́kítà ní oògùn náà yóò fi hàn láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jókòó ti aláìsàn rí, ẹ mọ bí ọjọ́ méjì ṣe ń gùn. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú, mo sì ń wo ojú Ṣẹ́gun láti mọ èwo nínú méjèèjì ló wà níwájú mi. Mama Ejiro ń gbé ọbẹ̀ wá, mi ò lè jẹ ẹ́. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ẹja, mi ò sì fẹ́ kó fi mí sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òógùn bo Ṣẹ́gun. Múínátù rò pé ó ti fẹ́ kú ni, ó ké. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tutù. Ó la ojú, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹ̀bà. Ibẹ̀ ni mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn, mo sunkún níwájú àwọn tí mi ò mọ̀ rí.

Nígbà tó padà sílé, wọ́n ti gé koríko ilé ọ̀gá rẹ̀ mọ́lẹ̀, dọ́kítà ajá sì ti wá fún àwọn ajá lóògùn tó ń pa eégbọn. Mo sá gbogbo aṣọ yàrá náà sóòrùn, mo fi omi gbígbóná fọ èyí tó ṣeé fọ̀, mo tú bẹ́ẹ̀dì wò lóríkèé-lóríkèé. Ṣùgbọ́n Ṣẹ́gun kò lè wo ojú mi mọ́. Bí mo bá wọlé, á jáde. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló ń jókòó sí, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn. Mo fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi Múínátù pé ṣé ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Màmá, ó ní òun ń wo ara òun ní ilé ìwẹ̀."

Ẹ̀rù tún bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo di ẹrù mi.

Ó kù díẹ̀ kí n pé oṣù kan. Ṣẹ́gun dé láti Àpápá ní ìrọ̀lẹ́, ó bá mi lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú báàgì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Màmá, ẹ ò tíì pé ogójì ọjọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Mo ní, "O ò ṣẹ̀ mí. Ọ̀dọ̀ Mama Ejiro ni màá sùn lónìí, màá kọrí sílé láàárọ̀. Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn."

Ó wo ojú mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Ó wọlé. Mo gbọ́ tí wọ́n fa irin ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Múínátù ní, "Gbé apá sókè. Ó yá, yí padà." Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò lè lọ. Mo ń wo ìmọ́lẹ̀ fóònù tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wá ní, "Kò sí nǹkan kan." Mo gbé báàgì mi.